Lẹ́tà Dúdú fún Orúkọ Moses

Sọ́ńdè, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò ti ń rọ̀ kí a tó parí ìsìn. Bàbá Dárasími, ọkọ mi, ló ka orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kà á, ó sì fo orúkọ Ìyá Hephzibah. Obìnrin náà ti dìde dúró ní tirẹ̀, wọ́n ti so ewúrẹ́ tó mú wá mọ́ ìdí máńgòrò níta. Ó ń retí kí wọ́n pe òun. Ọkọ mi ká bébà, ó fi í sápò, ó padà sí àyè rẹ̀. Obìnrin náà rọra jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹni tó tẹ bébà yẹn kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, pé ìwé náà ti ṣá. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi, ìńkì tuntun ni mo sì rọ sí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Fúráìdè. Mo lọ gbé oúnjẹ kaná.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó fẹ́ bu omi mu. Ẹ̀gbẹ́ ife ló ń da omi sí. Ó rò pé n kò rí i, ó fi ẹsẹ̀ nu ilẹ̀.

Túsìdeè, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti ń ṣọ́ ọ, ohun tí mo sì rí kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ ra orí tábìlì kí ó tó rí gíláàsì rẹ̀. Lónìí ó yà sí ṣọ́ọ̀bù. Gloria tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà kí i láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pé, "Okun o, Bàbá." Ó ta gìrì. Odindi ara rẹ̀ ló yí padà kí ó tó rí ẹni tó kí i.

Gloria wò mí. Mo ṣe bíi pé n kò rí ojú rẹ̀.

Fúráìdè, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ní ojú ń dùn mí, kí ó sìn mí lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní tẹ̀lé mi. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù, yẹ ojú tèmi wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo ní, "Ó dáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ti Bàbá náà, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti wá."

Ó wò ó títí. Ó mú un láti ìdí ẹ̀rọ kan dé ìdí èkejì.

Gíláúkómà ni. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún ló kù, òun náà sì ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú páìpù. Dókítà ní, "Bàbá, mi ò ní tàn yín. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Iṣẹ́ abẹ ní Ìlọrin lè di èyí tó kù mú."

Ọkọ mi bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan péré. "Ṣé yóò jẹ́ kí n máa kàwé?"

"Yóò jẹ́ kí ẹ má pàdánù èyí tí ẹ fi ń kà á nísinsìnyí."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí a fi délé, ọ̀rọ̀ nípa owó iṣu ló ń sọ.

Mọ́ńdè, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Dárasími pè láti Ìlọrin níbi tó ń gbé. Ó ti bá ilé ìwòsàn ojú sọ̀rọ̀, àyè wà fún bàbá rẹ̀ ní ìparí oṣù yìí. Bàbá rẹ̀ ní òun kò lọ.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kí n ka orúkọ Moses ná."

Moses àbúrò rẹ̀ kú ní Ayewa ní oṣù Júùnù. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Nòfẹ́ńbà, a máa ń ka orúkọ àwọn tó kú láàárín ọdún nínú ìjọ, ọkọ mi ló sì ń kà á láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

"Òkú onílé, òkú olóko, mo ti ka orúkọ wọn tán ní Kábà yìí," ó ní. "Ti àbúrò mi ni ẹlòmíràn yóò wá kà? Bí wọ́n bá fi abẹ kan ojú mi nísinsìnyí, ta ló mọ̀ bóyá yóò ti là kó tó di ìgbà yẹn?"

"Bí a bá dúró dìgbà yẹn, ta ló mọ èyí tí yóò ṣẹ́ kù?"

"Ìyá Dárasími, ìwọ lo ní ilé ìtẹ̀wé. Tẹ̀ ẹ́ fún mi lọ́nà tí n ó fi rí i. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo gbà. N kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n gbà.

Tọ́sìdeè, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́tà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ta ni kò ní rí i? Òpó rẹ̀ nípọn, igi kékeré pẹlẹbẹ tó dà bí ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ àti nísàlẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè ti í ṣubú. Òun la fi ń tẹ ìkéde òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Òun náà la fi ń kọ orúkọ sára ilé ìtajà. Ẹni tó wà ní òdìkejì títì á kà á láìdúró. Èèyàn kì í fi í sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nítorí náà mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo sọ ọ́ di ńlá, orúkọ kan gba ojú ìwé kan tán, mo sì gbé e lọ bá a lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀.

Ó gbé e sókè. Ó sún un sósì, ó sún un sọ́tùn-ún. Ó ní, "Òpó kí nìyí?"

Ẹsẹ̀ kan lára M ló ń rí. Kò rí ìyókù.

"Ó dà bí kí n máa wo màlúù láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Mo rí irun. N kò rí màlúù." Ó rẹ́rìn-ín, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń mú lẹ́tà tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó kù fún un wọlé.

Sátidé, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò sí iná láti àná. Bẹntiróòlù tún ti gbówó lórí, a kò tan jẹnẹrétọ̀. Òjò ni gbogbo ọjọ́.

Wẹ́sìdeè, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ti dín in kù, ó kéré ju ti ìkéde lọ, ó ju ti ìwé kíkà lọ díẹ̀. Ó ń rí odindi lẹ́tà báyìí. Wàhálà mìíràn ló wá yọjú.

Mo kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn ará ìjọ dán an wò. Bó ṣe rí Gift àti Olúmidé lórí ìwé náà, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Má fi orúkọ alààyè dánra wò lórí ìwé òkú." Òótọ́ ni. Mo ya ìwé náà, mo sun ún, mo wá fi orúkọ ìlú rọ́pò wọn.

Ó ka Mopa. Nígbà tó dé Ẹ̀gbẹ̀, ó ka Ẹ̀gbọ̀. Ó tún un wò, Ẹ̀gbọ̀ náà ló tún kà. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í mú lókèèrè, mo pa ojú dé díẹ̀. Mo rí i. Lẹ́tà yìí, òpó rẹ̀ ló nípọn, apá rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ojú tó ń ṣàìsàn kò rí irun. Igi tó dábùú inú e ti pòórá. Àmì ìsàlẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ikùn lẹ́tà náà, wọ́n ti di ohun kan ṣoṣo.

Bí wọ́n bá ṣi orúkọ òkú kan kà, kí ni ẹbí rẹ̀ yóò ṣe? Ṣé wọn yóò dìde àbí wọn yóò jókòó?

Mọ́ńdè, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òní ló yẹ ká wà ní Ìlọrin. Dárasími pè mí, kò pe bàbá rẹ̀.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ ń ràn án lọ́wọ́ láti má lọ."

"Èmi kọ́. Bàbá rẹ ní kí òun ka orúkọ—"

"Bí ẹ kò bá tẹ̀wé fún wọn, kí ni wọn ì bá fi kà á? Wọn ì bá ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí."

Mo gbé fóònù sí etí títí ó fi pa á. Títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀rọ̀ náà ń yí lórí mi. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ó lè dìde níwájú gbogbo ìjọ kó dójú ti ara rẹ̀. Bí mo bá sì ràn án lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń lọ.

Fúráìdè, 4 Ọkítóbà

Mo ti sọ fún Gloria. N kò lè dá a ṣe, ó sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ mìíràn la lò, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí igun mẹ́rin bí ẹsẹ̀ àpótí, tí apá rẹ̀ sì lágbára bí òpó rẹ̀. Kò lẹ́wà bí ti àkọ́kọ́. Gloria ní ó jọ ọkùnrin tó ń po kọnkéré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò ronú kan àwa. Bí a bá fi àmì sí ìsàlẹ̀ ọ, tí a tún fẹ́ fi àmì ohùn sórí rẹ̀, ọ̀kan á fò lọ jókòó lórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Láti Mọ́ńdè ni Gloria ti ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fa àmì ìsàlẹ̀ jìnnà sí ikùn lẹ́tà, ó mú kó tóbi. Ó gbé àmì ohùn sókè díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba àárín wọn kọjá. Èmi ń tẹ̀ ẹ́, mo ń wò ó lókèèrè, mo ń ní, "Sọ ọ́ kalẹ̀ sí i." Bébà tó pọ́n díẹ̀ ni mo lò, nítorí funfun báláú ń ta á lójú.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé e fún un.

Ìyàrà. Ìsánlú. Mopa. Ẹ̀gbẹ̀. Ó kà wọ́n láìmi orí. Nígbà tó dé Ayewa, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan lẹ́tà náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Gloria ni."

"Sọ fún un pé ó káre."

Ó jẹ iyán dáadáa lálẹ́ yìí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí i kó jẹun yó.

Wẹ́sìdeè, 9 Ọkítóbà

Ayọ̀ gùn ún jù, ó ní kí n fi lẹ́tà náà tẹ ẹ̀kọ́ kíkà Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Ó yẹ kí n kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, odindi ojú ìwé tó dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò ka ìlà mẹ́rin kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ní àwọn ìlà náà ń gun ara wọn, ó ní ó dà bí kí gbogbo ará ilé máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Akéde ni lẹ́tà yìí. Kó pe orúkọ, kó dákẹ́. Bí a bá ní kó jókòó kó sọ ìtàn, á fọ́ ilé. Orúkọ nìkan ni n ó fi tẹ̀, àlàfo gbọọrọ láàárín èyí àti èyí, kò sì ní sí nǹkan mìíràn lójú ìwé, ìbáà ṣe ìlà tàbí àgbélébùú.

Sátidé, 12 Ọkítóbà

Ó rìn kọ lu ọ̀kadà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítòsí ọjà. Sálẹ́ńsà rẹ̀ jó o ní ojúgun. Ọlọ́kadà bi í bóyá ojú ń dùn ún ni. Ó ní kò dun òun. Ẹni tó gbé e wálé ló sọ fún mi. Ọkọ mi ní wọn kò gbé ọ̀kadà náà síbi tó yẹ.

Mo wẹ ojú egbò náà. Mo kán oògùn tí dókítà fún wa sí i lójú.

Tọ́sìdeè, 17 Ọkítóbà

Wọ́n ní àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Ìlọrin, lẹ́yìn Ìsánlú, wọ́n kó èèyàn wọ igbó lọ. Gbogbo ọjà ń sọ ọ́. Nígbà tí Bàbá Dárasími gbọ́, ó ní, "Ṣé ẹ rí nǹkan tí mo ń sọ?"

Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà rí títí di òní. Ẹ̀rù ń bà á, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ajínigbé nìkan. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí mo bá tì í dé ojú ọ̀nà yẹn, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀?

Sátidé, 19 Ọkítóbà

A lọ sí Ayewa láti bi Sarah, opó Moses, bó ṣe fẹ́ kí á kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Ojú ọjọ́ dára, òjò ti ń dín kù. Àwọn èèyàn ń kó iṣu wọlé.

Sarah jáde sí wa. "Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ìyálé wa, okun." Ó kúnlẹ̀. Ọkọ mi na ọwọ́ láti gbé e dìde, ọwọ́ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà. Sarah wo ọwọ́ náà. Ó dìde fúnra rẹ̀.

Ó ní kí á kọ ọ́ ní Moses Ọpẹ́dayọ̀. Bó ṣe máa ń pe ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ó gbé omi fún wa. Ó wá jókòó síwájú ọkọ mi gan-an.

"Kí ló ṣe ojú yín, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó kàn ń rẹ̀ mí ni."

"Moses náà ní ó kàn ń rẹ òun ni."

Sarah kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní kí òun parí ebè ná. Ó parí ebè. Ó gbin iṣu sí i." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé. "Iṣu náà ló wà nínú àká yẹn. Àwa la wà á. Ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀ fún yín."

Ó so iṣu fún wa, ó pọ̀. Nínú ọkọ̀, ọkọ mi gbé ọ̀kan lé itan, ó ń fi ọwọ́ pa á láti orí dé ìdí títí a fi dé Kábà.

Tọ́sìdeè, 24 Ọkítóbà

Mo ti kó gbogbo orúkọ tán, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e fún un kó fi kọ́ ẹnu. Ó ka mélòó kan dáadáa. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Moses Ọpẹ́," ó dúró.

"Kí ló tẹ̀ lé e?" mo bi í.

"Ó tán níbẹ̀."

Kò tán níbẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni, bébà kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni. Lẹ́tà kò yí padà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú ló ti yí padà.

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí Gloria sọ ọ́ di dúdú sí i. Ó mú un nípọn, a tẹ̀ ẹ́. Ó tún mú un nípọn. Ihò inú e ti dí. Ọ ti di òkúta. Gloria gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màámi, bí a bá tún fi kún un, kò ní jẹ́ lẹ́tà mọ́."

Mo gbé e dé ilé bẹ́ẹ̀, mo sọ fún un. Mo ní, "Lẹ́tà ti dé òpin. Mo ti mú un tóbi, mo ti mú un kéré, mo ti mú un dúdú. Kò sí ibi tí n ó tún sún un sí. Ojú yín ló ń sún."

Ó jókòó. Adìẹ kan wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rìn kọjá níwájú rẹ̀, kò lé e. Mo rò pé inú ń bí i.

Ó ní, "Pe Dárasími."

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ìrántí òkú ni wọ́n fún wa. Ó ní òun yóò lọ. Ó ní kí n ṣáà wá ọ̀nà tí òun yóò fi ka Sọ́ńdè yẹn. Ohun tó kù fún mi láti ṣe ni kí n gé orúkọ kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ti ìnagijẹ tàbí ti bàbá bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀. Ìlà kúkúrú wọ ojú rẹ̀.

Sọ́ńdè, 27 Ọkítóbà

Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n máa lọ sílé. Ìyá Hephzibah ló wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́ pé ọkọ mi wá bá òun nílé, ó ní, "N kò fojú kéré ìdúpẹ́ yín, n kò rí orúkọ náà ni." Obìnrin náà sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní, "Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń rò pé ewúrẹ́ mi ló kéré."

Kò sọ fún mi pé òun lọ. Èmi náà kò sọ fún un pé mo gbọ́.

Sátidé, 2 Nòfẹ́ńbà

Bébà tún ti gbówó lórí. Ọyẹ́ fẹ́ díẹ̀ láàárọ̀, ètè mi ti ń ya.

Ó ti há púpọ̀ nínú orúkọ náà sórí, ọkàn mi sì ti ń balẹ̀. Ní ọ̀sán, Àlùfáà Ọlọ́runlékè fi orúkọ méjì ránṣẹ́ sí i, ìyá àgbà kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n kú láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Ikú kò dúró de ìtẹ̀wé. Mo tún gbogbo rẹ̀ tò. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárín ìgbà tí iná fi wà. Mo fi ti Moses síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo fi méjì yìí tẹ̀ lé e.

Sọ́ńdè, 3 Nòfẹ́ńbà

Ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Sarah àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti Ayewa wá, wọ́n jókòó lẹ́yìn. Bí a bá ti pe orúkọ, àwọn ẹbí á dìde, wọn á sì dúró títí a fi parí.

Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé ìwé náà sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Orúkọ kan, ìdákẹ́jẹ́, ẹbí kan dìde. Mo ń fi ètè kà á pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tán láìsí àṣìṣe. Ẹnìkan tó jókòó níwájú mi sọ fún èkejì pé, "Tíṣà ṣì ń kàwé bí ọmọdé."

Ní ojú ìwé kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀. Ó nù ún. Ó ka ọ̀kan. Ó sún ìwé mọ́ ojú, ó ka èkejì. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Lẹ́yìn, Sarah ti dìde, nítorí mo ti sọ ẹni tí wọn yóò pè ṣáájú ọkọ rẹ̀ fún un. Ó dúró ní òun nìkan láàárín àwọn tó jókòó nítòsí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àga tó wà níwájú rẹ̀.

Ọkọ mi sọ ìwé náà kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú. Ojú mi ti ń lọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti mọ̀, n kò sọ fún yín. N kò rí èyí tó kù."

Ó wá ní, "Naomi."

Láti ìgbà tí a ti bí Dárasími, n kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ níwájú èèyàn. Mo dìde. Èmi tí n kò dúró níwájú ìjọ rí, àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo rìn lọ bá a. Ó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́, ó sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ka ìyókù. Fi ti Moses sílẹ̀ fún mi."

Ojú èmi náà ti kún fún omi, gbogbo ìjọ ti di èéfín. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn lẹ́tà náà. Wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ wọn, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, mo kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ka ìyá àgbà. Mo ka ọmọ rẹ̀. Mo dákẹ́.

Ọkọ mi na ara rẹ̀ tán. Ó kọjú sí ẹ̀yìn ìjọ, ibi tí kò lè rí, ó sì pè é láìsí ìwé.

"Moses Ọpẹ́dayọ̀."

Àwọn ọmọ Sarah dìde.

Mọ́ńdè, 4 Nòfẹ́ńbà

A ti dé Ìlọrin. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìsánlú títí a fi kọjá Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn sójà wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní ká máa lọ. Dárasími dúró dè wá ní gáréèjì. Ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó wá dì mọ́ mi, ó pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀.

Tọ́sìdeè, 7 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà lánàá. Dókítà ní ó lọ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí á tó mọ èyí tó dúró. Kò ṣèlérí nǹkan kan. Mo sì ti ń rò ó pé bí a bá wá ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà ńkọ́. N kò sọ ọ́ jáde. Dárasími náà kò sọ ọ́.

Wọ́n fi bándéèjì bo ojú ọ̀tún. Ti òsì kò rí nǹkan tó ju òjìji lọ. Láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ dìde lọ fọ ẹnu. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí i, ó ní kó di òun mú. Ó ní, "Ẹ ṣé. Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ó na ọwọ́. Apá ibi fèrèsé ló na án sí, èmi sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. N kò pè é pé kó yíjú sí mi. Mo gbé kẹ́tùlù kalẹ̀, mo lọ dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.